Ibi Tí Aró Kò Dé Lágbọ̀n Ọkọ Mi

"Ta ló fá irùngbọ̀n yín?"

"Èmi náà ni. Ṣebí ìwọ náà rí abẹ lọ́wọ́ mi."

"Nítorí ta ni?"

"Nítorí ìbòmú."

"Ìbòmú ló ní òun kò fẹ́ ọkùnrin onírùngbọ̀n?"

"Ohun tó sọ gan-an nìyẹn, Ìyá Rìsí. Bu omi fún mi kí n fi ṣan ojú."

"Ọmọ ilé ta ni ìbòmú ọ̀hún? Ṣé ó ti bímọ rí?"

Ó rẹ́rìn-ín sínú dígí. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìnkùlé wa ní Adigbẹ nìyẹn, lówùúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, ó ti tó ọdún mẹ́ta báyìí. Lọ́jọ́ yẹn mo rò pé ọgbọ́n ni mo fi ẹnu mi dá. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀ lórí ẹní, nítorí kò sí ẹnì kan ní àdúgbò wa tí mo lè sọ èyí fún. Ọkọ mi ti lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ní Ìbàdàn lọ́dọ̀ Rìsíkátù, ọmọ wa tó lọ́kọ síbẹ̀, níbi tí àwọn dókítà ti ń ya fọ́tò àyà rẹ̀. Ọkùnrin tó máa ń ru àpò ìrẹsì láti Òkè-Ìlèwó délé láìsọ̀ ọ́ rárá, kò lè rìn láti yàrá dé ìdí kànga mọ́ láìjókòó lẹ́ẹ̀mejì. Kí ó tó lọ, bó bá sùn, èémí rẹ̀ a máa dún bí ìgbà tí ènìyàn ń wọ́ aṣọ tútù lórí òkúta. Àwọn dókítà ní eruku òkúta ló wà níbẹ̀. Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wọn kò lè ya fọ́tò ẹnu mi, èmi sì mọ̀ pé ẹnu mi wà nínú àyà ọkọ mi pẹ̀lú eruku náà.

Aláró ni mí. Ìyá mi ló kọ́ mi, Ìtòkú ni mo ti ń tà, tọmọdé tàgbà ló sì mọ kàńpálà mi níbẹ̀. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lójú ọ̀nà Ewékorò. Kì í ṣe ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì ńlá yẹn ni mò ń wí o. Èyí kéré, igbó ló yí i ká, òkúta tí wọ́n fi ń ṣe títì ni wọ́n ń fọ́ níbẹ̀. Ó wọ iṣẹ́ náà lẹ́yìn tí wọ́n dá ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀, nígbà tí wọ́n ń la títì kiri, ìdí ẹ̀rọ gan-an ni wọ́n sì fi í sí. Bó bá dé nírọ̀lẹ́, ńṣe ni yóò dà bí ẹni tí wọ́n fi láfún kùn láti orí dé ẹsẹ̀. Irùngbọ̀n rẹ̀ a funfun bíi ti baba ńlá rẹ̀. Rìsí a máa pè é ní Bàbá Arúgbó, a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Èmi ni n óò gba aṣọ náà lọ́rùn rẹ̀, n óò gbọ̀n ọ́n lẹ́yìnkùlé, n óò sín lẹ́ẹ̀mẹta, ó parí. Àjákù àdìrẹ mi ló fi ń di imú lẹ́nu iṣẹ́. A rò pé ó tó. Ta ló sọ fún wa pé kò tó?

Lọ́jọ́ kan ó délé, ó ti wẹ̀. Ọṣẹ ń ta sánsán lára rẹ̀, aṣọ mìíràn ló wà lọ́rùn rẹ̀. Mo bi í. Ó ní ilé iṣẹ́ ti kọ́ balùwẹ̀, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má gbé eruku lọ bá ìyàwó àtọmọ nílé mọ́. Mo ní ta ni wọ́n. Ó ní nọ́ọ̀sì tuntun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ni. Nọ́ọ̀sì! Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ mi, ọkọ yín gbé òógùn jáde, ó gbé ọṣẹ wọlé, ó sì ní obìnrin kan ló ní kí òun wẹ̀. Kí ni ẹ ó rò? Kò tó ọ̀sẹ̀ kan, mo tún rí àpá lójú rẹ̀, ó gba orí imú sọ̀ kalẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, bí ojú ẹni tó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ sùn lórí ẹní. Ó ní ìbòmú rọ́bà tí wọ́n fún àwọn ló fa àpá náà. Ó mú un jáde, ó fi hàn mí: ohun dúdú kan tó ní okùn, tó ní nǹkan roboto méjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ìdérí agolo. Inú agolo mílíìkì ńlá ló ń tọ́jú rẹ̀ sí, ó sì kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Mo fi ìyẹn náà kún un. Ọkùnrin tí kì í mọ ibi tó bọ́ fìlà rẹ̀ sí, òun ló wá ń tọ́jú nǹkan sínú agolo? Bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Lẹ́yìn èyí ló wá fá irùngbọ̀n.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí irùngbọ̀n yẹn jẹ́ fún yín. Ìdílé oníṣòwò ni wọ́n ní agboolé ọkọ mi nínú ìgboro àtijọ́, mùsùlùmí láti ìrandíran, irùngbọ̀n la sì fi ń dá wọn mọ̀. Wọ́n a máa ṣàwàdà pé bí ọmọ àwọn bá sọnù lọ́jà, àgbọ̀n ni kí a fi wá a. Sunna ni, ti ìdílé sì tún ni. Láti ọjọ́ tí mo ti mọ ọkọ mi, n kò rí àgbọ̀n rẹ̀ rí. Ọjọ́ Àìkú yẹn ni mo kọ́kọ́ rí i pé ihò kékeré kan wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ fi ọdún mẹ́wàá kéré sí i. Ó rẹwà. Ohun tó bí mi nínú jù nìyẹn. Ó ṣàlàyé, kì í ṣe pé kò ṣàlàyé. Ó ní irun kì í jẹ́ kí rọ́bà náà lẹ̀ mọ́ ara. Mo ní ṣé gbogbo wọn ló ti fá tiwọn? Ó ní ó ku ẹni méjì. Mo ní kí ló dé tí kò fi ṣe ẹni kẹta.

Ìyá Bọ́lá, tí à ń jọ tà ní Ìtòkú, ló wá da epo sí iná. Ó wọ ọkọ̀ lọ sí ìkómọ kan ní Ewékorò, àwọn tírélà sì dí ọ̀nà lẹ́bàá ibi iṣẹ́ ọkọ mi. Bí ọkọ̀ wọn ṣe dúró, ó ní òun rí obìnrin kan tó wọ aṣọ funfun, ó fi ọwọ́ méjèèjì di ọkọ mi lágbọ̀n mú. Mo ní ṣé ó rí i dáadáa. Ó ní ojú òun kò tíì fọ́, pé ọkọ mi ń wo obìnrin náà lójú ni, obìnrin náà sì ń bá a sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́. Mo kó igbá mi nílẹ̀, mo lọ sílé. N kò tà mọ́ lọ́jọ́ náà.

Àwọn àgbà ní ìfura loògùn àgbà. Kò sí ẹni tó sọ fún mi pé oògùn a máa ní ìwọ̀n. Mo ronú ọgbọ́n kan tó jẹ́ pé aláró nìkan ló lè ronú rẹ̀. Aró kì í parọ́. Bó bá kan ara ènìyàn, ọṣẹ kan ṣoṣo kò lè fọ̀ ọ́ kúrò. Mo ní bó bá jẹ́ pé ńṣe ló ń gbé ìbòmú náà kiri láti fi tàn mí, ojú rẹ̀ yóò mọ́ tónítóní. Bó bá sì wọ̀ ọ́ lóòótọ́, aró yóò hàn. Nígbà tó wà ní balùwẹ̀ láàárọ̀, mo ṣí agolo, mo fi ìka mi tí aró ti rẹ̀ dáadáa yí etí ìbòmú náà po, fẹ́ẹ́rẹ́. Rọ́bà dúdú, ta ni yóò rí i? Nírọ̀lẹ́, ọkọ mi wọlé, òrùka aró kan sì wà lójú rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ lórí imú, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, ó gba abẹ́ àgbọ̀n, ó gba ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì padà sókè, kò já níbì kankan. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí, wọ́n ní ṣé ó lọ kọ ilà tuntun ni. Mo ní bóyá ọwọ́ mi ló ṣèèṣì kan agolo náà. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ẹ̀rí nìyẹn, àbí kì í ṣe ẹ̀rí? Ẹlòmíràn ì bá dúpẹ́ kó sinmi. Ṣùgbọ́n ẹni tí ìfura bá ti wọ̀ lára, òótọ́ kì í yó o. Mo ní ó ti mọ̀ pé mò ń ṣọ́ òun ni ó fi wọ̀ ọ́ di alẹ́. Lọ́jọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn ìrun, mo lọ bá Àlàájì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, olórí ìdílé wọn. Mo kúnlẹ̀, mo sunkún. Mo ní nítorí obìnrin kan tí kì í ṣe mùsùlùmí ni àbúrò wọn ṣe fá irùngbọ̀n bàbá wọn dànù. Ṣé mo mọ ẹ̀sìn obìnrin náà? N kò mọ̀ ọ́n. Ọ̀rọ̀ náà kàn bọ́ lẹ́nu mi, mo sì rí i pé ó ta Àlàájì lára, n kò sì dá a padà. Mo wá bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má dárúkọ mi. Wọ́n ní kí n máa lọ sílé.

Wọ́n pe ọkọ mi. Nígbà tó dé láti ibẹ̀, ó jókòó sórí àpótí tí mo fi ń ṣiṣẹ́, kò bọ́ bàtà. Ó ní òun ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ìbòmú náà títí ó fi rẹ òun. Wọ́n ní bàbá àwọn rin ìrìn àjò nínú yanrìn dé Mẹ́kà, irùngbọ̀n rẹ̀ kò sì dí i lọ́wọ́. Wọ́n ní Ọlọ́run tó fún òun ní imú ló fún òun ní irùngbọ̀n pẹ̀lú. Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ojú bàbá àwọn nínú sàárè. Òun sì ti ṣèlérí fún Àlàájì, níwájú gbogbo ilé, pé abẹ kò ní kan àgbọ̀n òun mọ́. Ó wò mí. Ó ní, "Ẹnì kan ló gbé ọ̀rọ̀ yìí débẹ̀."

Mo ní, "Ayé le."

Irùngbọ̀n hù padà, ọkàn mi sì balẹ̀. Mo tiẹ̀ ń fi òróró pa á fún un. Inú mi dùn bí ẹni tó gba ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́ ikú. Ṣùgbọ́n Ìyá Bọ́lá kò jẹ́ kí n sinmi, ó ní ọkùnrin tó bá ti tọ́ ọ wò yóò padà síbẹ̀. Mo tún ṣí agolo. Mo tún fi aró yí ìbòmú náà po. Lọ́jọ́ yẹn, aró tó wà lójú ọkọ mi kò pé òrùka mọ́. Ó hàn lórí imú, ó hàn lókè ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó sì já. Láti etí kan dé ekejì lábẹ́ àgbọ̀n, kò sí nǹkan kan, àfi ṣónṣó irùngbọ̀n díẹ̀ tó kan aró. Mo pariwo. Mo ní ẹ wò ó, ti ìjelòó pé, ti òní já, níbo lẹ ti ṣí i sílẹ̀, ta lẹ ṣí i sílẹ̀ fún? Ọkọ mi gba dígí tí mo gbé sí i lójú lọ́wọ́ mi. Ó fi ìka tọ ojú ibi tí aró náà ti já, ó tọ̀ ọ́ títí dé etí kejì. Ó wá sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

"Ìyá Rìsí, ibi tí aró kò dé yìí, ibẹ̀ ni eruku ń gbà wọlé."

Mo ní irọ́ ti mọ́ ọn lára. Ẹ̀yin ará, ó dà bí ẹni tó la ìwé fún mi, tó sì kà á sí mi létí, mo ní n kò gbọ́. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń fi aṣọ di àgbọ̀n mọ́ ìbòmú náà, kí ó lè mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, kí ó sì lè mí. Bí ọdún méjì ló fi ṣe bẹ́ẹ̀. Ikọ́ dé, a ní ọyẹ́ ni. Ọyẹ́ lọ, ikọ́ kò lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í dúró láàárín ọ̀nà mọ́sálásí bí ẹni tó gbàgbé nǹkan sílé. Èmi sì ń rò ó lọ́kàn pé obìnrin yẹn ló fi nǹkan fún un jẹ.

Bí mo ṣe di ọ̀já mọ́dìí lọ́jọ́ kan nìyẹn, mo wọ ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ náà láti lọ bá a jà. Mo bá a lóòótọ́, nínú aṣọ funfun, lábẹ́ páànù kan. Ó di ọkùnrin kan lágbọ̀n mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ọkùnrin bíi mẹ́wàá tò sẹ́yìn onítọ̀hún, wọ́n ń retí kí ó kàn wọ́n. Gbogbo wọn ló fá irùngbọ̀n. Obìnrin náà ti lé ní ogójì ọdún dáadáa, ojú rẹ̀ fi hàn pé ó ti rẹ̀ ẹ́. Ó ń sọ fún ọkùnrin náà pé kí ó fi àtẹ́lẹwọ́ bo ìdérí méjèèjì, kí ó fa èémí sínú. Bí rọ́bà náà bá fà mọ́ ọn lójú tí kò sì jò, ó ti dára, kí ó tó wọ ìdí ẹ̀rọ. Bó bá ń jò, kí ó pa dà, kí ó tún okùn fà. Lójoojúmọ́ ni kí ó máa ṣe é bẹ́ẹ̀, kí ó má sì yá ẹnikẹ́ni lò.

"Ẹ kú ọ̀nà o, Màmá. Ta lẹ wá rí?"

"Ìwọ ni."

"Ẹ tò sẹ́yìn, mo ń bọ̀."

Àwọn ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan níbẹ̀ mọ̀ mí, ó dárúkọ ọkọ mi. Ojú obìnrin náà yí padà. Ó fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́.

"Ẹ̀yin ni ìyàwó Bàbá Onírùngbọ̀n? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ títí."

"Kí ni kí n bẹ̀ ẹ́ fún?"

"Kí ó fá a. Eruku tí ẹ ń rí lára aṣọ kọ́ ló ń pa wọ́n, èyí tí ẹ kò rí ni. Kò nípọn tó irun kan ṣoṣo. Bí irun bá ti gbé rọ́bà sókè, ó ti wọlé nìyẹn. Aṣọ tó ń dì mọ́ ọn, ìtùnú lásán ni. Ó ti fá a rí, kò tiẹ̀ bá mi jiyàn. Ó ní òun ní ìyàwó nílé tí òun fẹ́ bá dàgbà. Ta ló wá lọ kó ọ̀rọ̀ irùngbọ̀n dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹbí rẹ̀?"

Ọ̀já tí mo dì mọ́dìí wá ń fún mi. Mo ní, "N kò mọ̀."

Ìyẹn ni irọ́ tó ń jẹ mí níyà ju gbogbo rẹ̀ lọ. Mo lọ bá Àlàájì lọ́jọ́ kejì, mo tún kúnlẹ̀, mo ní mo ṣì í sọ ni, kí wọ́n tú ọkọ mi sílẹ̀ nínú ìlérí rẹ̀. Àlàájì ní ìwọ lo gbé e wá, ìwọ náà lo tún wá gbé e lọ. Wọ́n tú u sílẹ̀. Ọkọ mi fá irùngbọ̀n rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, wọ́n sì gbé e kúrò nídìí ẹ̀rọ lọ sí ẹnu géètì. Ṣùgbọ́n àyà kì í ṣe aṣọ tí a lè gbọ̀n lẹ́yìnkùlé. Nọ́ọ̀sì sọ fún mi pé eruku ọdún gbogbo tó ti ń lo àjákù àdìrẹ wà níbẹ̀, pé kò sí ẹni tó lè ya ti ọdún méjì yìí sọ́tọ̀. Ó sọ ọ́ láti fi tù mí nínú ni. Èmi aláró mọ̀ pé bí aṣọ bá ti mu aró lẹ́ẹ̀kan, ìgbà tí a bá tún rì í ló ń dúdú.

Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún un kó tó pẹ́ jù, tàbí kí n dákẹ́ kí n má fi ìbànújẹ́ kún àìsàn? Ohun tí mò ń wá ẹni bi nìyẹn, ẹ̀yin ará, títí di àárọ̀ ọjọ́ tó ń lọ sí Ìbàdàn. Mo wà lẹ́yìnkùlé, mò ń da ìyẹ̀fun aró àti kọ́sítíìkì tí à ń pò mọ́ ọn sínú ìkòkò, afẹ́fẹ́ ń gbé e sí mi lójú, mò ń sín. Mo ti pinnu pé n óò sọ ọ́ kó tó wọ ọkọ̀. Ọkọ̀ Píjò tó fẹ́ gbé e lọ ti ń fọn fèrè níta. Ọkọ mi jáde pẹ̀lú ọ̀pá lọ́wọ́ kan, agolo mílíìkì lọ́wọ́ kejì. Ìbòmú tuntun tí nọ́ọ̀sì fún un kẹ́yìn ló wà nínú rẹ̀, tí kò lò rí, nínú ọ̀rá rẹ̀. Mo ní, "Bàbá Rìsí, mo ní ọ̀rọ̀ kan." Ó fi ìbòmú náà bò mí nímú lẹ́nu, ó fa okùn rẹ̀ gba ẹ̀yìn orí mi. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di àgbọ̀n mi mú, bí obìnrin yẹn ṣe máa ń dì wọ́n mú. Ó ní kí n fi àtẹ́lẹwọ́ bò ó, kí n fa èémí. Mo fà á. Rọ́bà náà lẹ̀ mọ́ mi lójú yíká, kò jò níbì kankan. Ẹkún gbọ̀n mí, ẹnu mi kò sì ṣeé gbọ́ mọ́. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró kó lè mí, ó sì yíjú padà.

"Máa wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀ tí o bá ń po aró. Àgbọ̀n tìrẹ, kò sẹ́ni tó máa fẹjọ́ rẹ̀ sun Àlàájì."